"Ẹ lọ rí dókítà yín" nìkan ò tó o, Olóòtú

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn yìí.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sójú ìwé ìlera nípa oògùn ìsoríkọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á torí ọ̀rọ̀ tèmi gan-an ni. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ẹ ní kéèyàn má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra ẹ̀, kó lọ rí dókítà, ó parí. Ibi tẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Ẹni tó ń lo oògùn yìí kúkú mọ̀ pé dókítà wà, ṣebí dókítà ló fún un. Ohun tí ò mọ̀ ni ohun tó máa sọ tó bá jókòó síwájú wọn, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bóyá márùn-ún, ni gbogbo ẹ̀, ẹni tó kàn sì ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n sọ bí tèmi ṣe lọ. Oògùn tí wọ́n fún mi ni paroxetine, 20 mílígíráàmù, hóró kan láràárọ̀. Ó ràn mí lọ́wọ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí n dìde lórí bẹ́ẹ̀dì lásán, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún méjì mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo ti ń gbé fóònù táwọn èèyàn bá pè, mo wá ń bi ara mi pé kí ni mo tún ń gbé e mì fún. Ọjọ́ Ẹtì kan báyìí mo ju páálí oògùn náà sínú dúrọ́ọ̀, mo tì í pa, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ọjọ́ kìíní, kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì, mo tiẹ̀ ti ń yọ̀ nínú ọkàn mi pé mo ti bọ́. Ọjọ́ kẹta mò ń fọ eyín níwájú dígí, mo yí ojú sọ́tùn-ún pé kí n wo táwẹ́ẹ̀lì, nǹkan kan bá ta mí nínú agbárí, jìgì! bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan wáyà iná tó bó. Mo dúró. Mo tún yí ojú padà, jìgì. Mo di síǹkì mú. Kì í ṣe pé ó dùn mí, ó kàn dà bíi pé ẹnì kan ń pa iná orí mi ó sì ń tàn án padà kí n tó ṣẹ́jú. Kó tó di ọjọ́ karùn-ún, òòyì ti dé, inú ń rú mi, àlá tí mò ń lá mọ́lẹ̀ kedere bíi fíìmù, mò ń sunkún lórí ohun tí ò tó nǹkan, ẹni tó bá sì bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ti gbaná jẹ.

Mo bá sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà, gbólóhùn tó sì jáde lẹ́nu mi ò ju "Dókítà, ó ti padà dé o" lọ. "Ó" tí mò ń wí yẹn, àìsàn ni mo ní lọ́kàn. Mi ò sọ pé mo ti dá oògùn dúró, ojú ń tì mí. Wọn ò sì bèèrè. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ti padà, wọ́n sọ ọ́ di 30 mílígíráàmù, mo kó oògùn, mo lọlé. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, irọ́ tí mo fi dídákẹ́ pa ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó lé lọ́dún kan tí mo fi lo oògùn tó ju èyí tó tó mi lọ, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò sọ.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà rèé. Téèyàn bá já oògùn yìí lójijì, ara tí oògùn náà ti mọ́ lára máa jà. Kì í ṣe pé onítọ̀hún ti di ajòògùnyó o, kò sẹ́ni tó ń jí owó torí paroxetine, ara ló ti ṣètò ara ẹ̀ yí oògùn náà ká, tí wọ́n bá wá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan gbogbo nǹkan á mì. Ìjà yẹn sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì máa ń mú nǹkan tí kò sí nínú àìsàn ti tẹ́lẹ̀ wá, irú bí iná tó ń ta nínú orí yẹn, òòyì, inú rírú, kí ara máa ṣe bí ara ẹni tí ọ̀fìnkìn fẹ́ mú. Téèyàn bá padà sídìí oògùn, kì í pẹ́ tó fi ń lọ, nígbà míì láàárín ọjọ́ mélòó kan náà. Àìsàn ní tiẹ̀, tó bá fẹ́ padà, jẹ́jẹ́ ló sábà máa ń yọ́ wọlé, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù, ọ̀nà tó sì gbà wá nígbà àkọ́kọ́ ló máa ń fẹ́ gbà. Wọ́n jọra níbì kan o, àìróorunsùn wà nínú méjèèjì, ẹkún wà nínú méjèèjì, àyà jíjá náà, ìdí nìyẹn tí déètì fi ṣe pàtàkì. Dókítà tí ò bá mọ ọjọ́ téèyàn gbé oògùn mì gbẹ̀yìn, àbá ló máa dá.

Àwọn oògùn ìsoríkọ́ náà yàtọ̀ síra wọn. Venlafaxine, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún péré, ìdajì ẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ láàárọ̀ lè ti máa gbúròó ẹ̀ lálẹ́. Paroxetine tèmi, nǹkan bí ọjọ́ kan. Fluoxetine ní tiẹ̀ máa ń pẹ́ lára, ọjọ́ mélòó kan ni, ohun tí ara sì ń sọ ọ́ dà tún máa ń pẹ́ ju ìyẹn lọ, kéèyàn dá a dúró kó má rí nǹkan kan fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó wá ya á lẹ́nu nígbà tó ti gbàgbé pé òun ń lo nǹkan kan rí. Torí náà "ọ̀rẹ́ mi dá tiẹ̀ dúró, kò sì ṣe é ní nǹkan kan" kì í ṣe ẹ̀rí. Èwo ni ọ̀rẹ́ yín ń lò?

Nígbà kejì tí mo fẹ́ lọ rí dókítà, dókítà míì ni, mo ra jótà kékeré kan. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni ìdí tí mo fi fẹ́ dá oògùn dúró, mo kọ "ara mi ti yá". Mo wò ó, mo rí i pé ààbọ̀ òótọ́ ni, mo fi bírò wọ́ ọ nù. Mo kọ òmíràn: "ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì ti tutù látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí". Mo tún kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan kú, omi ò bọ́ lójú mi, mo kàn ń wò bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n ilé onílé. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè fi ìlà méjì yẹn sílẹ̀ láì pa á rẹ́. Òun gan-an ló sì wúlò jù nínú gbogbo ìwé náà. Nígbà tí dókítà kà á, wọ́n ní nǹkan méjèèjì oògùn yìí máa ń fà á dáadáa, kì í ṣe èmi nìkan, wọ́n ní tó bá jẹ́ ìyẹn ló ń lé mi, ọ̀nà mẹ́ta ló wà: ká dín in kù, ká pààrọ̀ ẹ̀ sí òmíràn, tàbí ká yọ ọ́ tán. Ká ní "ara mi ti yá" ni mo sọ, ọ̀nà kan péré la ò bá rí.

Ìdí ẹlòmíì yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ lóyún, kó sọ ọ́ kó tó lóyún, kó má dúró dìgbà tó bá rí ìlà méjì lórí ohun ìyẹ̀wò kó wá torí ìbẹ̀rù da gbogbo oògùn nù lọ́jọ́ yẹn, torí jíjá a lójijì léwu fún un, ìpinnu yẹn sì gba kí òun àti dókítà jọ gbé e wò. Ẹlòmíì, àwọn ará ilé ló ń pọ́n ọn lójú pé oògùn wèrè ló ń lò. Kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀, kí dókítà mọ̀ pé kì í ṣe òun fúnra ẹ̀ ló fẹ́ dá a dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn mo kọ ìgbà mélòó tí àìsàn yìí ti ṣe mí rí (ẹ̀ẹ̀mejì), bó ṣe burú tó nígbà tó burú jù, pé mo ronú ikú rí àbí mi ò ronú ẹ̀. Mo kọ ọ́ pé mo ronú ẹ̀. Dókítà ò bẹ̀rẹ̀ kíkà ìgbà tó yẹ kí n fi lo oògùn láti ọjọ́ tí mo gbé hóró àkọ́kọ́ mì bí mo ṣe rò, ọjọ́ tí ara mi yá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ó kéré tán oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ara bá ti yá ni wọ́n fi ń ní kéèyàn ṣì máa lò ó, ẹni tí àìsàn náà bá sì ti padà wá bá lemọ́lemọ́ tàbí tó burú gan-an fún, wọ́n lè ní kó tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wa là ń ka ìyẹn lódì, a ń ka ọjọ́ tá a fi ṣàìsàn mọ́ ọjọ́ ìwòsàn.

Ohun kan tí mi ò rò pé ó já mọ́ nǹkan kan ni àwọn ọjọ́ tí mo gbàgbé oògùn. Mo kàn kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ni, pé ìgbà kan tí mo rìnrìn àjò mo gbàgbé ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, òòyì kọ́ mi nínú mọ́tò. Dókítà wò ó, wọ́n fa ìlà sí i nídìí. Wọ́n ní ìyẹn ti sọ fún àwọn bí ara mi á ṣe ṣe tá a bá yára jù. Mo tún kọ gbogbo ohun tó ń wọ ẹnu mi, oògùn ẹ̀fọ́rí, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ewé àti egbò, ọtí náà wà níbẹ̀. Àti ohun tó ń bọ̀ lọ́jọ́ iwájú: ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò, tó fẹ́ kó lọ ilé míì, tó ń retí ọmọ tuntun, kó sọ ọ́, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló dáa láti bẹ̀rẹ̀.

Mo mú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dání. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n ní àwọn á bá mi lọ. Nígbà tí dókítà bi mí pé báwo lara ní ìgbà tí mo kọ́kọ́ já oògùn, mo ní "ó kàn ṣe mí díẹ̀ ni". Ẹ̀gbọ́n mi húkọ́. Irú húkọ́ tá a mọ̀ láti kékeré yẹn. Wọ́n wá sọ ọ́ níṣojú mi pé mo ju kọ́ọ̀pù mọ́ ògiri nínú ọ̀sẹ̀ yẹn, pé wọ́n bá mi lórí ilẹ̀ bálùwẹ̀ tí mò ń sunkún. Mo ti gbàgbé ti kọ́ọ̀pù pátápátá. Ẹ mú ẹnì kan dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó máa sọ òótọ́, kì í ṣe ẹni tó máa ṣe àmín sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá wí.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù ni bí wọ́n ṣe ní a máa dín oògùn náà kù. Èmi ti ṣírò tèmi nílé: 30, 20, 10, òdo, ó tán. Dókítà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó dà bí ìgbà téèyàn ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè kan tí ilẹ̀ òkè ẹ̀ tẹ́jú, àfi tó bá kù díẹ̀ kó délẹ̀ tó wá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n fi citalopram, oògùn ìsoríkọ́ míì, ṣàpẹẹrẹ, wọ́n ní 20 mílígíráàmù ẹ̀ máa ń di nǹkan bí 80 nínú 100 àwọn ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ mú, téèyàn bá gé e sí 10, kò ní bọ́ sí 40 o, nǹkan bí 70 ló ṣì dì mú. Àmọ́ 5 ṣì ń di nǹkan bí 60 mú, téèyàn bá fò látibẹ̀ sí òdo, gbogbo 60 yẹn máa já lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olùwádìí méjì, Mark Horowitz àti David Taylor, ló ṣàlàyé ẹ̀ lọ́dún 2019 nínú ìwé àwọn dókítà tó ń jẹ́ Lancet Psychiatry, pé bó ṣe ń kéré sí i ló yẹ kí ohun téèyàn ń yọ kúrò máa kéré sí i, kó sì lọ kéré gan-an kó tó di òdo. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dín in kù wọ́ọ́rọ́wọ́, tí wọ́n á wá fò látorí hóró tó kéré jù bọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣubú, wọ́n á wá ní "mo ṣe é díẹ̀díẹ̀ náà o, kò ṣiṣẹ́".

Torí náà ẹ bèèrè bóyá oògùn tẹ́ ẹ ń lò ní olómi, torí hóró tó kéré jù lè má kéré tó. Ẹ bèèrè ohun tó ṣeé gé àti ohun tí ò ṣeé gé, àwọn kápúsù àti hóró kan wà tí wọ́n ṣe kó máa tú jáde díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹni tó bá lọ ọ̀kan nínú wọn ti da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Apòògùn mọ èyí dáadáa, wọ́n sì máa ń ní àyè ju dókítà lọ. Ẹ má sì lo tòní kẹ́ ẹ fo tọ̀la, èmi náà rò pé ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n oògùn tó ń tètè kúrò lára, ńṣe lèèyàn kàn ń fi ara ẹ̀ ṣe jangirọ́fà.

Mi ò kúrò ní yàrá yẹn láì gba ìdáhùn ìbéèrè mẹ́rin, mo kọ wọ́n sẹ́yìn jótà: èló la kọ́kọ́ máa yọ, ọ̀sẹ̀ mélòó la máa dúró ká tó yọ òmíràn, tí ara bá ń jà kí ni kí n ṣe, nọ́ńbà ta ni kí n pè. Ìkẹta ló ṣe pàtàkì jù. Wọ́n ní mo lè dúró lójú kan, mo lè padà sí àtẹ̀gùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kì í ṣe ìjákulẹ̀. Tó bá jẹ́ pé èrò ikú ló dé, tàbí kéèyàn fẹ́ ṣe ara ẹ̀ léṣe, kò sí dídúró de àpọ́ìntìmẹ́ǹtì níbẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn, lóru yẹn, kéèyàn sì sọ fún ẹni tó bá wà nítòsí.

Wọn ò sì tàn mí. Wọ́n ní ìwádìí kan jáde lọ́dún 2021 nínú New England Journal of Medicine, èèyàn 478 tí wọ́n ti ń lo oògùn ìsoríkọ́ tipẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ara gbogbo wọn ti yá tó láti dá a dúró. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, 56 nínú 100 àwọn tí wọ́n yọ ọ́ kúrò fún ni àìsàn padà sára wọn, láàárín àwọn tó ń lò ó lọ, 39. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Lẹ́yìn náà mo tún un kà: 44 nínú 100 ni tiwọn ò padà, àwọn tó ń lò ó déédéé náà ò sì bọ́ tán. Ẹni tó bá gbọ́ nọ́ńbà yẹn tó ní òun á máa lò ó lọ, kò sóhun tó ń tì í lójú níbẹ̀. Èmi gbọ́ ọ, mo ní mo fẹ́ gbìyànjú.

Ẹni tí dókítà ẹ̀ bá lé sẹ́yìn ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n sọ fún pé "gé e sí méjì fún ọ̀sẹ̀ kan kó o dá a dúró", kò sí àlàyé, kò sí ọjọ́ àbọ̀. Ẹ bèèrè jẹ́jẹ́ pé "Dókítà, tí ara bá kọ̀ ńkọ́?" Tí ò bá sí ìdáhùn, ẹ wá dókítà míì, ẹ ṣì máa lo oògùn yín bó ṣe wà títí ẹ ó fi rí i. Ìbínú sí dókítà kọ́ ni kéèyàn fi já oògùn.

Oṣù kọkànlá rèé tá a ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo yára nígbà tó ku 10, iná orí yẹn tún ta mí, mo pe nọ́ńbà, mo padà sẹ́yìn, mo lo oṣù méjì lójú kan náà. Ní báyìí olómi ni mò ń lò, sírínjì kékeré tí ò lábẹ́rẹ́ ni mo fi ń fà á láràárọ̀, mílílítà kan, mílígíráàmù 2 nìyẹn. Ìyàwó mi ló máa ń wo ìlà ẹ̀ torí ojú mi ò ríran dáadáa láàárọ̀. Ó kù díẹ̀, mi ò kánjú.

Ẹ̀bẹ̀ mi, Olóòtú, nígbà míì tẹ́ ẹ bá tún kọ "ẹ lọ rí dókítà yín", ẹ bá wa fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ ìlà òfo bíi mẹ́wàá síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìbéèrè yìí: kí ló dé tí mo fẹ́ dá a dúró, ọjọ́ wo ni ara mi yá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gbàgbé ẹ̀, kí ni mo tún ń lò. Kéèyàn lè fi sísọ́ọ̀sì gé e, kó kọ ọ́, kó mú un lọ. Ojú ìwé yẹn sì ní àyè, ṣebí ẹ̀ẹ̀mejì lẹ tẹ fọ́tò stẹtoskóòpù síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ orúkọ mi jáde.